Àwọn Tó Ń Ka Iná Lẹ́yọ Kọ̀ọ̀kan

Ṣọ́ọ̀bù Alàájì oníṣúgà ní Singer, Sabon Gari, Kánò. Mùfú àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Montréal dé.

ALÀÁJÌ: Gbogbo ohun tó o rí sọ nípa Kánádà ni pé wọ́n ń ka iná?

MÙFÚ: Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, Alàájì! Ní Yunifásítì McGill. Bí iná áńpíà kan bá ń gba inú wáyà, ẹyọ iná tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó 6 tí òdo 18 tẹ̀ lé. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ń mú nínú wọn. Wọ́n ní kó wọlé, ó wọlé. Kó jáde, ó jáde.

ALÀÁJÌ: Irọ́! Ta ló fojú rí i?

MÙFÚ: Ojú kì í rí i, abẹ́rẹ́ ló ń jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ n sọ ti abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ṣóńṣó kọjá ohun téèyàn lè fọkàn rò, orí ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó ń gbọ̀n láìsinmi ló wà. Wọ́n á gbé e sún mọ́ wóró kékeré kan tó ń jẹ́ quantum dot, kò ní kàn án. Hílíọ́mù tí wọ́n sọ di omi ni wọ́n fi ń mú ibẹ̀ tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 269 sí ìsàlẹ̀ òdo, torí ooru á máa ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri. Wọ́n á wá máa fi fóòtéèjì kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹyọ kan bá kó wọnú wóró náà báyìí, gbígbọ̀n ọ̀pá á yí padà, ilà ojú kọ̀ǹpútà á sì ta sókè! Ọdún 2005 ni wọ́n ti gbé e jáde.

ALÀÁJÌ: Kí ló dé tí méjì kì í jọ wọlé?

MÙFÚ: Àyè ò gbà á. Èyí tó ti wà níbẹ̀ á máa lé ìkejì. Ṣé ẹ rí alábàárù tó ti ru àpò ṣúgà kan? Ẹ ò lè gbé òmíràn lé e láìfowó kún owó rẹ̀. Fóòtéèjì lowó tiwọn.

ALÀÁJÌ: Láti àná la ò ti níná níbí, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó mi. Kí lẹyọ kan fẹ́ ṣe fún mi?

MÙFÚ: Irú wóró bẹ́ẹ̀ ló ń fún tẹlifíṣọ̀n QLED láwọ̀. Àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023.

ALÀÁJÌ: Ta ló bi ọ́ ní tẹlifíṣọ̀n? Ọmọ tiwa kankan ń fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ọ̀hún?

MÙFÚ: Èmi ń fọwọ́ kàn án.

ALÀÁJÌ: Ìwọ Mùfú tó máa ń da ṣúgà mi sílẹ̀?

MÙFÚ: Èmi náà ni, Alàájì.

ALÀÁJÌ: Háà! Ó yá, má jókòó tì mí mọ́. Lọ bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ físíìsì ní Yunifásítì BUK, kó o sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Singer ń ṣe é.