Lẹ́tà láti Texas sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó: Ilé Onítáyà àti Ìkọ́ tó ń Pín Ẹrù

Ilé onítáyà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ gbafẹ́ kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì gba Oǹdó wọ Àkúrẹ́. Yàrá ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pick-up sì lè fà á. Ojú ìkọ́ tó so òun àti ọkọ̀ pọ̀ ni ìṣòro wà.

Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilé náà ló yẹ kó tẹ orí ìkọ́. Bí ó bá kéré sí i, ilé náà á máa fì sọ́tùn-ún sósì lórí eré. Ìkọ́ sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, nítorí náà bí ẹrù ṣe ń tẹ ìdí ọkọ̀ ni imú rẹ̀ ń gbéra. Ká ní 300 kílò wà lórí ìkọ́, tí ìkọ́ fi mítà 1.2 jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sì fi mítà 3.6 jìnnà síra: 100 kílò á kúrò lórí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn á gba 400. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí ní Oǹdó, tó ti rí Peugeot 504 tí wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún bùútù rẹ̀, tí iná iwájú rẹ̀ ń tàn sórí igi, mọ bó ṣe ń rí. Sítíárìn á fúyẹ́ jù, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí wọ́n bá tẹ búréèkì. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ìkọ́ tó ń pín ẹrù ní ọ̀pá irin méjì tí wọ́n sábà ń fi ṣéènì fà mọ́ férémù ilé náà. Bí wọ́n ṣe ń le ni imú ọkọ̀ ń padà sílẹ̀. Ẹrù díẹ̀ á padà sórí táyà iwájú, díẹ̀ á bọ́ sórí táyà ilé náà fúnra rẹ̀.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ pick-up ń béèrè ìkọ́ yìí bí ilé bá ti kọjá nǹkan bí 2,270 kílò, tàbí tí ẹrù orí ìkọ́ bá kọjá 227. Ìwé ọkọ̀ mìíràn kọ̀ ọ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni tépù: wọ́n á wọn gíga ọkọ̀ lókè táyà iwájú kí wọ́n tó so ilé mọ́ ọn, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Bí iwájú bá gbéra tó hàn kedere, ọkọ̀ náà nílò ìkọ́ tó ń pín ẹrù. Ẹrù gbọ́dọ̀ ti pé nínú ilé kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí táǹkì omi lítà 150 nìkan jẹ́ 150 kílò.

Ìkọ́ náà kì í fi kún agbára ọkọ̀, kì í sì í wo ẹrù tí wọ́n tò ní ìtòkutò sàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Hilux fa jẹnẹrétọ̀ onítáyà láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó lè lo ìṣírò kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ìkọ́ yìí, níbi tí ọ̀nà bá ti rì lójijì, kí ó tú àwọn ọ̀pá náà kí ó tó kọjá, kí wọ́n má baà tẹ férémù.