Àìsàn Kan Náà, Ara Méjì

Nígbà èwe wa ní Adó-Àwáyè, ní Òkè-Ògùn, bí ẹ̀yìn bá ń dun àgbà ọkùnrin, làkúrègbé ni wọ́n ń pè é. Bí ìtọ̀ bá há mọ́ ọn, wọ́n á ní ogbó ló dé. Jẹjẹrẹ pírósítéètì, ẹran kékeré abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ń bá òmíràn nínú wọn jà, a ò mọ̀.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni mo sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àgbẹ̀ paraku, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ahunṣọ lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn. Jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun àwọn méjèèjì. Dókítà ní àfi kí wọ́n yọ kórópọ̀n wọn, nítorí èròjà tó ń ti ibẹ̀ jáde ni àìsàn náà ń jẹ dàgbà. Dókítà Charles Huggins ló ti fi èyí hàn n'Ámẹ́ríkà láti 1941. Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà.

Ara tu ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó padà sóko, ó tún gun òkè lọ sí adágún Ìyáké, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ní ti ahunṣọ, kò pẹ́ tí ìrora fi padà, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ni wọ́n nàka sí. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Obìnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Orúkọ kan ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ́, ìwà rẹ̀ ò dọ́gba. Òmíràn á rọ tí èròjà yẹn bá ti dá. Òmíràn á kọ́ bí yóò ṣe máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ gbéra, tàbí kó máa pèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àléébù àjogúnbá nínú jíìnì BRCA2 a máa mú kó le sí i. Bó ṣe tàn tó kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, àti àìsàn mìíràn tó ti wà lára, ń kópa pẹ̀lú. Lóde òní, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wà dípò abẹ, ṣùgbọ́n ẹni tówó ò jẹ́ kó gbà á déédéé ò lè rí ìdẹ̀ra ẹni tó ń gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, bí oògùn tó gba ẹnìkan là ò bá ran tiyín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ bi í léèrè ohun tó kù láti lò. Ẹ má fẹ̀sùn kan aráalé. Ọkùnrin tó bá ti lé lógójì ọdún, pàápàá tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní in, kó béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA lọ́wọ́ dókítà kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.