Ewé gbígbẹ inú páálí ní Lọ́ńdọ̀nù ló tú àṣírí ìyàn ilẹ̀ Ireland

Ẹni tó bá wọ rélùwéè dé ibùdó Kew Gardens, lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò ní í rìn jìnnà kó tó dé ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Èrò á máa wọlé lọ wo ọ̀pẹ nínú ilé onígíláàsì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lá áísìkiriìmù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé olú gbígbẹ bíi 1,250,000 ló wà nínú ọgbà yìí kan náà.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ o! Fungarium ni wọ́n ń pe ilé tó wà, wọn kì í sì í ṣí i fún gbogbo ayé. Inú bébà ni wọ́n máa ń pọ́n olú kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ká a, ọjọ́ tí wọ́n ká a àti ẹni tó ká a sí i lára, wọ́n á wá kó o sí páálí. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ wọ fìríìsà kí kòkòrò ara rẹ̀ lè kú. Olú tí Charles Darwin ká ní ìpẹ̀kun Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà ìrìn àjò rẹ̀ ní 1831 sí 1836 wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó lè gbomi lójú èèyàn níbẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe olú. Ewé pòtétò ni.

Lọ́dún 1845, àrùn kan wọ oko pòtétò ní Ireland. Ewé dúdú, pòtétò jẹrà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tálákà ò ní oúnjẹ mìíràn tí wọ́n gbójú lé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sá wọkọ̀ ojú omi kúrò nílùú. (Ìlú wọn náà là ń dá dárúkọ tá a bá ń ra “Àìríṣì” lọ́jà.) Àwọn kan ní òjò àpọ̀jù ló fà á, àwọn kan ní ìbínú Ọlọ́run ni. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Miles Berkeley, ló wá sọ ní 1846 pé irọ́ ni, nǹkan funfun tó ń hù lábẹ́ ewé yẹn, tó dà bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, òun gan-an ni apani. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà fún un. Bàbá ò bá wọn jà, ó ń sá ewé rẹ̀ gbẹ ní tiẹ̀. Ní 1879, ó kó gbogbo ẹrù náà fún Kew. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ òde òní ní nǹkan ọ̀hún kì í ṣe ẹbí olú gan-an, àmọ́ àárín olú náà ni wọ́n fi í sí.

Àfi ìgbà tó di 2013. Àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé díẹ̀díẹ̀ lára ewé gbígbẹ mọ́kànlá, tí wọ́n tọ́jú sí Kew àti Munich, wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA rẹ̀. Àní DNA yẹn náà ni, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ọmọ! Àṣírí wá tú: ẹ̀yà US-1 tí wọ́n ti ń nàka sí láti ọjọ́ yìí kọ́ ló ṣiṣẹ́ ibi náà. Ìbátan rẹ̀ kan tẹ́nì kan ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní HERB-1.

Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ṣì ń ba oko pòtétò jẹ́ títí dòní. Ní ti HERB-1 fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti run kúrò nínú oko gbogbo láyé, kó jẹ́ inú páálí nìkan ló kù sí.