Omi Gbígbóná, Iná Mànàmáná àti Ẹ̀mí Wa

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ wá sí Jos fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé òtútù tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń sọ kò ju ọyẹ́ ilé lọ. Ó di oṣù Kejìlá kí ojú rẹ̀ tó là. Orí òkè ni Jos wà, ó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ìpele òkun lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Bí a bá bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní aago márùn-ún ìdájí, àfi bí ẹni pé inú fíríìjì ni a ti gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kì í fi ìwẹ̀ òwúrọ̀ ṣeré. Ìdí nìyí tí ríìngì fi di ará ilé ní yàrá wa.

Ríìngì tí à ń wí yìí ni irin tí wọ́n ká roboto, tí a máa ń rì bọ inú omi, tí a ó sì ki pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara ògiri kí omi lè gbóná. Kò wọ́n, kò gba àyè, kò ní èéfín bíi sítóòfù. Bí omi lítà 20 bá wà ní 18°C, tí a sì fẹ́ kí ó dé 40°C, ríìngì oníwáàtì 1,500 yóò ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Iná tí yóò jẹ kò ju nǹkan bí ìdajì yúnìtì lọ. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun tó bá rọrùn ni ènìyàn máa ń fojú di. Àwọn baba wa kò fojú di iná ojú ọ̀run rárá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná ECN yóò gbé ère kalẹ̀ ní Marina, l'Ékòó, ère Ṣàngó ni Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ṣe fún wọn ní 1964. ECN di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ NEPA náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Orúkọ ń yí padà. Ìwà iná kò yí padà. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, ní ilé tí àwa mélòó kan jùmọ̀ háyà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, igbe kan ló jí wa ní ìdájí. Ọmọ ọdún kìíní kan nínú wa ló ki ríìngì bọ inú garawa onírin. Omi kò tí ì gbóná tí NEPA fi mú iná lọ. Ó dúró, dúró, iná kò dé. Ó na ọwọ́ sínú omi láti wò ó bóyá yóò tó wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àsìkò náà gan-an ni wọ́n dá iná padà. Iná gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣeé fà jáde. Ọlọ́run ló yọ ọ́: ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ kò di í mú, ara ògiri ló sáré lọ, ó sì pa súwíìsì. A gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ó yè, ṣùgbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn òbí rẹ̀ wà nílé, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìwé ni ọmọ àwọn ń kà ní Jos. Bí ó bá ti bọ́ sódì, àwa ni à bá gbé ìròyìn lọ bá wọn. Ẹnu wo ni à bá fi sọ ọ́?

Lẹ́yìn èyí ni a pe bàbá oníṣẹ́ iná kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Jos, pé kí wọ́n bá wa wo gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Bàbá, fíúsì wà nínú pọ́lọ́ọ̀gì náà, kí ló dé tí kò já?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, fíúsì kò mọ̀ yín rí. Waya ni wọ́n ní kó máa ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí gbogbo yín mú dání. Fíúsì inú pọ́lọ́ọ̀gì ríìngì sábà máa ń jẹ́ ti áńpíà 13. Ìyẹn ni mílíáńpíà 13,000. Iná tó lè da ìlù ọkàn ènìyàn rú, bí ó bá gba àyà kọjá, kò ju nǹkan bíi mílíáńpíà 30 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: iná tí fíúsì yóò gbà láyè láìjá lé ní ìlọ́po 400 èyí tó lè pa wá. Ènìyàn lè kú tán kí fíúsì má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Báwo wá ni iná ṣe ń dé inú omi? Waya tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbóná wà nínú irin ríìngì, ìyẹ̀fun funfun kan ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára irin náà. Bí a bá tan ríìngì láìsí omi, tàbí tí ẹ̀tù omi bá dì mọ́ ọn lára tí a kò sì ha á kúrò, irin náà lè là. Omi yóò wọlé, iná yóò jáde. Bí waya kẹta, èyí tó wọ ilẹ̀, bá wà nínú okùn rẹ̀, iná náà yóò gba ibẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ríìngì olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, waya méjì péré ló ní. Nígbà náà, ara ẹni tó bá fọwọ́ kan omi ni iná yóò gbà lọ sí ilẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti fi òfin wọ̀nyí lélẹ̀ nílé wa, a sì kọ wọ́n sára ògiri. Èkíní, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni a ń lò, a kì í lo garawa onírin. Igi gbígbẹ ni a fi ń dábùú ẹnu rẹ̀ kí ríìngì má baà kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ kó sì yọ́ ọ. Ìkejì, omi ni yóò ṣáájú, ríìngì yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni a ó tó tan iná. Ìkẹta, nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́, a ó pa súwíìsì, a ó fa pọ́lọ́ọ̀gì jáde, a ó dúró díẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìkẹrin, bí NEPA bá mú iná lọ, pọ́lọ́ọ̀gì ní láti jáde lójú ẹsẹ̀. Ìkarùn-ún, a kì í gbé e wọ balùwẹ̀, a kì í fi ọwọ́ tútù tàbí ẹsẹ̀ lásán sún mọ́ ọn. Ìkẹfà, a kì í so ríìngì méjì pọ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù lórí okùn kan ṣoṣo. Ríìngì oníwáàtì 1,500 méjì àti áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò fa nǹkan bí áńpíà 17 lórí okùn tí wọ́n ṣe fún 13. Iná ilé ló ń tibẹ̀ wá.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìyẹn kò kan àwọn, nítorí hítà ara ògiri ló wà ní balùwẹ̀ tiwọn. Ó kàn yín o. Hítà oníwáàtì 3,500 tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ ń fa nǹkan bí áńpíà 15, nítorí náà pọ́lọ́ọ̀gì lásán kò lè gbé e. Ó gbọ́dọ̀ ní waya tirẹ̀ láti ibi tí iná ti wọ ilé, kí waya náà nípọn, kí ó ní èyí tó wọ ilẹ̀, kí súwíìsì rẹ̀ sì wà níta balùwẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hítà oníláńkẹ́, ẹ má ṣe tàn án bí omi kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ má sì ṣe dí ihò tí omi gbígbóná fi ń mí jáde, torí ó lè bẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa pa á kí ẹ tó wọlé wẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní RCD. Ó ń wo iye iná tó jáde àti iye tó padà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó mílíáńpíà 30, yóò pa iná kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Òun ni olùṣọ́ ènìyàn tí fíúsì kì í ṣe. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń dán an wò, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Bí onílé bá ní òun kò lè rà á, ẹ dá owó jọ. Àwa náà dá a ni.

Bí iná bá gbé ẹnìkan, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná. Bí kò bá ṣeé pa, ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò níbẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ kíkankíkan, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀. Kódà bí ó bá dìde rìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn ilé-ibùgbé kan ti fi òfin de ríìngì pátápátá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, kí ó pa òfin náà mọ́, kí ó gbé omi rẹ̀ ka sítóòfù níbi tí wọ́n bá gbà á láyè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ń bọ̀, òtútù yóò sì mú wọn bí ó ti mú wa. Kí a tó fi ọ̀nà ilé-ìkàwé hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi bí a ti ń yọ pọ́lọ́ọ̀gì hàn wọ́n. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.