Ẹsẹ̀ Méjì Tí Kò Gbéra

Ní ilé wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó fojú rí i. Bí bàtà bá ń wọ́ nílẹ̀ tí ọ̀pá sì ń tẹ̀ lé e, bàbá mi ni. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń balẹ̀ ní pà, pà, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, èmi ni. Ẹsẹ̀ òsì ni ti bàbá mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tèmi. Màmá mi a máa fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá da àwa méjèèjì pọ̀, òun yóò rí odindi ènìyàn kan tó ń rìn dáadáa yọ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣe wá kò ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní èdè wa. Foot drop ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé iwájú ẹsẹ̀ kì í gbéra nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbé ìṣísẹ̀. Mo lè tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ dáadáa. Òun gan-an ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ oníná nínú ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ di alẹ́. Gbígbé e sókè ni kò ṣeé ṣe. Nítorí náà, mo ní láti máa gbé orúnkún sókè ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni tó ń la odò kọjá, kí ìka ẹsẹ̀ mi má baà kọ ilẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ mí, òkúta kékeré kan ti tó láti gbé mi ṣubú, òkúta kò sì wọ́n nílùú wa. Wọ́n ní láti inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra ni kí ẹ bi léèrè bóyá òótọ́ ni.

Sílípáàsì kì í dúró lẹ́sẹ̀ mi. Lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ mi a máa yọ̀ kúrò lórí irin tí a ń gbé e lé láìjẹ́ pé mo mọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, àtidìde a di iṣẹ́, nítorí ìka ẹsẹ̀ ni ènìyàn ń fi ti ara rẹ̀ sókè. Àwọn ìyá kan a máa sáré dá mi dúró pé, “Má kúnlẹ̀ mọ́, ọmọ mi, a ti rí ọ.” Mo mọ̀ pé àánú ni, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kúnlẹ̀. Àánú tó ń gba ìkíni lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí ní 1998 nígbà tí ibà mú mi tí wọ́n fi gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí ọ̀tún. Màmá mi ní mo ké bí gbogbo ọmọdé ti ń ké, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbé mi sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí itan òun, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí dúró mọ́. Nígbà tó pẹ́, agbára padà sí itan àti orúnkún. Ti ọrùn ẹsẹ̀ kò padà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ ládùúgbò. Àwọn kan ní mo tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, títí dòní ni àjèjì sì ń rò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rí mi. Kì í ṣe òun. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ìyẹn, oògùn àjẹsára ni a sì fi lé e lọ tó fi jẹ́ pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò náà, irú èyí tó ń jà láti ara rẹ̀, ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Abẹ́rẹ́ ni ó ṣe tèmi. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó nípọn bí ìka ọwọ́, tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Òun ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹran ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bá a, apá tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ni ó sábà máa ń kú jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa irú àwa ọmọ wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé apá òkè, ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ni kí wọ́n gún àgbàlagbà ní ìdí, àti pé itan ló dára jù fún ọmọ kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára, itan tàbí apá ni wọ́n ń gún un sí. Abẹ́rẹ́ ibà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún ọmọ yín ní ìdí, nígbà tí ọmọ náà lè gbé oògùn mì, ni kí ẹ bèèrè ìdí rẹ̀.

Ní 2021 ni ti bàbá mi dé. Ó jí ní ìdájí láti lọ tọ̀, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fà á láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó di rọpárọsẹ̀. A gbé e gba Ìjẹ̀sà-Isu àti Ìtàpá dé Ọ̀yẹ́, a gba Ìfàkì wọ Ìdó, sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀. Mo ti rin ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà, kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ọwọ́ òsì rẹ̀ padà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ẹsẹ̀ òsì ni kò gbéra.

Èmi ni olùkọ́ rẹ̀ nígbà tó délé. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo kọ́ ọ pé bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ni ó ń kọ́kọ́ gòkè. Bí a bá ń sọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tí kò dára ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń yí padà láìlọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ti ṣe tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún jókòó sórí àga, ó ń gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó wí fún mi pé, “N kò mọ̀ pé ohun tí o ń gbé káàkiri láti kékeré nìyí.” N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo bá ní kó jẹ́ kí n bá a tú okùn bàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Kò tóbi ju fóònù kékeré lọ. Wáyà méjì jáde lára rẹ̀ lọ sí àlẹ̀mọ́ méjì: a lẹ ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ orúnkún ní ẹ̀gbẹ́ ìta, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti súnmọ́ awọ ara jù, a lẹ èkejì sí ara ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun. Bọ́tìnnì pẹlẹbẹ kan wà nínú bàtà, lábẹ́ gìgísẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò rán iná mànàmáná díẹ̀ sínú ẹsẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ yóò sì gbéra. Bí gìgísẹ̀ bá ti balẹ̀, iná náà yóò kú. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1961 ni Wladimir Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ròyìn irú rẹ̀ tí wọ́n fi ran àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe lọ́wọ́ láti rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn Salisbury ni èyí tí wọ́n ń pè ní Odstock ti jáde. Àwọn kan wà lónìí tí kò nílò bọ́tìnnì gìgísẹ̀ rárá, nítorí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń mọ bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó ní kí àwa méjèèjì jọ máa lò ó, kí bàbá lò ó ní àárọ̀, kí èmi lò ó ní ọ̀sán. Mo ti ń wo bàtà. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀, èmi ni mo sì ń rán aṣọ ẹbí gbogbo wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì wọ bàtà tí kò ní okùn tàbí ìdè lẹ́yìn.

A gbé e lọ sí Ìdó, sí ọ̀dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì, nítorí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fúnra ẹni yí bọ́tìnnì rẹ̀. Ti bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Arábìnrin tó tọ́jú wa lẹ àlẹ̀mọ́ méjèèjì, ó rọra ń gbé iná sókè, ẹsẹ̀ bàbá mi sì gbéra wúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Bàbá mi wo ẹ̀yìn. Ó ní, “Ta ló gbé e?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, bàtà rẹ̀ kò sì wọ́ ilẹ̀.

Ó wá kan tèmi. Arábìnrin náà lẹ àlẹ̀mọ́ tuntun, ó gbé iná sókè, ó tún gbé e sókè. Ó ń ta mí bí ìjàlọ lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ mi kò mira. Ó sún àlẹ̀mọ́ sókè, ó sún un sẹ́yìn, kò sí ibi tí kò fi í sí. Nígbà tó ṣe, ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì jókòó tì mí. Ó ní, “Ẹ wò ó bí iná ilé. Bí wáyà láti òpó dé inú ilé bá pé, tí iná kò kàn wá láti ibùdó, ẹ lè tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo gílóòbù yóò sì tàn. Ti bàbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wáyà inú ilé bá ti jó, jẹnẹrétọ̀ kankan kò lè tan gílóòbù.” Wáyà inú ilé ni tèmi. Láti 1998 ni ó ti jó.

Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé nígbà tí NICE, àjọ tó ń gba àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí ní 2009, ẹsẹ̀ tí àìsàn ọpọlọ tàbí ti inú eegun ẹ̀yìn sọ di bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ti bàbá mi yí òwe yẹn po. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò lára rẹ̀, wọ́n ń fi àdí pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, bẹ́ẹ̀ òkè, nínú orí, ni ẹrù ti wọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ń wọ́ lójú ẹni tó ń wò wá, ibi tó ti já ni kò dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀ tàbí kó owó àjọ lé ẹ̀rọ yìí, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi iná dán ẹsẹ̀ náà wò. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, aláboyún, àti ẹni tí wárápá ń ṣe sọ fún oníṣègùn kí wọ́n tó fi iná kan ara wọn.

Bàbá mi kò lè fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ àlẹ̀mọ́ náà dáadáa, nítorí náà èmi ni mo ń lẹ̀ ẹ́ fún un ní àràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣòro fún mi. N kò ní purọ́. Mo ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ń fi ìka wá ojú ibi tó yẹ, mo sì ń wo ẹsẹ̀ tó ń gbéra lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ti di ara ilé báyìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá lẹ ti ìsàlẹ̀ sí iwájú jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yí sínú. Mo fi bírò fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Nígbà ooru, òógùn a máa jẹ́ kí àlẹ̀mọ́ ṣí. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ó ń bà á jẹ́, a kì í sì í rí i rà nítòsí. Báátìrì rẹ̀ ni èyí onígun mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú maikirofóònù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ wa ni ó sì ń bá wa rà á. Bí a bá yọ ẹ̀rọ náà lálẹ́, ẹsẹ̀ a tún wọ́. Kò wo àìsàn náà sàn. Lọ́jọ́ oko, bàbá mi kì í lò ó rárá, ó ní ìrì yóò bà á jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ ìpàdé ni ọjọ́ rẹ̀.

Èmi ṣì ń lo ike mi, èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ṣe, tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè lọ sẹ́yìn ojúgun. Kò nílò báátìrì, kì í sì í bẹ̀rù ìrì. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni mo fi lọ sí ìgbéyàwó náà, mo sì rán aṣọ mi gùn débi tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Arábìnrin Ìdó náà ló sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ kan wà, èyí tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ fún àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń mú okùn iṣan kan tó ń yí ẹsẹ̀ sínú, tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gbà á wá síwájú kí ó máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Bóyá ti tèmi lágbára tó fún un ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ní oṣù tó ń bọ̀. Bàbá mi ní òun yóò bá mi lọ. Ó ti ra báátìrì tuntun sílẹ̀.