Òkígbẹ́ Ọrùn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará ilé, bí mo bá sọ fún yín pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òyìnbó ló ń gbé orúkọ Yorùbá kiri lẹ́yìn aṣọ ní ìlú Calgary, ní Kánádà níbí tí mò ń gbé, ẹ ó ní mo ti ń sọ àsọdùn. Kò sí àsọdùn níbẹ̀ rárá. Jarome Iginla ló fà á. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, “igi ńlá” tí ẹ sì gbọ́ nínú orúkọ náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Láti 1996 títí di 2013 ló fi gbá họ́kì orí yìnyín fún ẹgbẹ́ Calgary Flames, nọ́ńbà 12 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 2019, wọ́n fa nọ́ńbà náà sókè sí òrùlé pápá, wọ́n ní kò sí eléré ẹgbẹ́ àwọn tó tún gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n òǹwòran kò bọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ eré, ẹ ó rí ìyá arúgbó òyìnbó nínú ẹ̀wù pupa, tí IGINLA wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Orí mi a máa wú bíi pé mọ̀lẹ́bí mi ni.

Láyé àtijọ́, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ẹ̀wù yìí, torí ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbá eré náà nínú òtútù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ṣì ń pè é ní súwẹ́tà. Lóde òní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ bí agbádá. Kí ló dé tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nítorí ohun tí eléré ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni. Òǹwòran tó lọ rà á lọ́jà, òde ló rà. Inú kò sí níbẹ̀. Ti inú yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ti ń gbá eré yìí láti kékeré. Ẹ wá wò ó nígbà tó bá ń múra. Ike líle tó ń bo abẹ́ ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, ike ojúgun, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ṣòkòtò kúkurú onítìmùtìmù, bàtà onírin tí wọ́n so okùn rẹ̀ pinpin, ike èjìká, ti ìgbọ̀nwọ́, ti ọrùn, kó tó wá kan ẹ̀wù tí ẹ ń rí. Àṣíborí tó ní irin lójú àti ìbọ̀wọ́ ńlá ló kẹ́yìn. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀ á wá dà bí òmìrán. Ẹ má ṣí báàgì rẹ̀ lẹ́yìn eré o! Òórùn ibẹ̀ lè lé eṣinṣin. Tòkunbọ̀ ni mo ra púpọ̀ nínú ẹrù yìí, torí ọmọ a máa dàgbà ju ike lọ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ti orí àti ti ọrùn, tuntun ni mò ń rà.

Ẹ lè bi mí pé eré wo ló tó báyìí? Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ni, lórí omi tó dì gbagidi, ọ̀pá lọ́wọ́, irin mímú bí ọ̀bẹ lábẹ́ bàtà. Róbà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lé, ó fẹ̀ ní íǹṣì 3, ó nípọn ní íǹṣì 1, inú yìnyín ni wọ́n sì ń gbé e sí kó lè le dáadáa kó tó dé pápá. Bí ọ̀gá eléré bá gbá a, ó lè sáré ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan. Ẹ fojú inú wò ó kí ìyẹn bá ènìyàn ní eyín.

Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹrù yìí. Lára ike kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ojú lásán ni gbogbo gólì NHL, àfi ẹyọ kan péré, fi ń ṣọ́lé, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1959. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní New York, róbà gé Jacques Plante ti Montreal lójú. Wọ́n rán ojú náà tán, ó ní òun kò padà sórí yìnyín àfi bí òun bá wọ ìbòjú. Kóòṣì rẹ̀ kò fẹ́ ẹ rárá, ṣùgbọ́n gólì mìíràn kò sí nílẹ̀. Plante wọ̀ ọ́, wọ́n sì borí.

Ní oṣù kìíní, 1968, Bill Masterton ti Minnesota ṣubú, ó fi orí gbá yìnyín láìsí àṣíborí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ló kú. Síbẹ̀, ó di 1979 kí NHL tó fi àṣíborí ṣe dandan, àwọn tó ń wọlé bọ̀ nìkan sì ni. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní orí àwọn ni, ẹ fi àwọn sílẹ̀. Ó di 1997 kí ẹni ìkẹyìn tó ń gbá a lórí lásán, Craig MacTavish, tó fẹ̀yìn tì.

Òǹwòran pàápàá fara gbá a. Ní 2002, ní Columbus, ní Amẹ́ríkà, róbà fò kúrò ní pápá, ó ba ọmọbìnrin ọdún 13 kan lórí níbi tó jókòó sí. Ọmọ náà kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta àwọ̀n ńlá sẹ́yìn ilé gólì.

Ó wá ku ọrùn. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, 1989, ní Buffalo, irin bàtà ya iṣan ọrùn gólì kan tó ń jẹ́ Clint Malarchuk. Ọpẹ́lọpẹ́ olùtọ́jú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ogun Vietnam, tó fi ọwọ́ di iṣan náà mú. Adam Johnson kò rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 2023, ní Sheffield, ní Ìlú Ọba, irin bàtà gé e lọ́rùn níwájú èrò ìwòran. Ẹni ọdún 29 ni.

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ọmọ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ní kí gbogbo ọmọdé Kánádà wọ ti ọrùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń gbá a lálẹ́ fún ìgbádùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ ọrùn ẹnikẹ́ni wò. Ó ti ní òun yóò bọ́ ọ.

“Dádì, ó ń gbóná, ó ń fún mi lọ́rùn. Àwọn ọ̀gá mélòó lẹ rí nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń wọ̀ ọ́? Wọ́n á ní mo lójo.”

Mo ní, “Jókòó. Láyé ogun nílé wa, ta ló ń wọ ayẹta? Ta ló ń so òkígbẹ́ mọ́ra kí àdá má bàa ràn án? Ṣé ojo ni, àbí Balógun?”

Kò dáhùn. Mo ní, “Ojo kì í dé ojú ogun rárá. Kí ni yóò fi òkígbẹ́ ṣe? Ẹni tó mọ̀ pé iwájú lòun ń lọ ló ń múra.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun gbọ́, sà. Ẹ̀yin náà mọ irú “mo gbọ́, sà” bẹ́ẹ̀.

Ká sòótọ́, kò sí ike tó lè dá gbogbo ewu dúró. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn tí NHL àti àwọn eléré ṣe ní 2025, wọ́n ní ẹni tuntun tó bá wọlé láti sáà 2026 sí 2027 gbọ́dọ̀ wọ ìdáàbòbò ọrùn. Àwọn àgbà inú wọn lè ṣe bó ti wù wọ́n. Ẹ rí i bí? Ohun tí wọ́n ṣe nípa orí ní 1979 ni wọ́n tún ṣe nípa ọrùn. Wọ́n mọ̀ pé ìtìjú àgbà kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ má fi òyìnbó rẹ́rìn-ín o. Ní oṣù kìíní, 2009, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kadà Nàìjíríà dé àṣíborí, ṣebí àwọn kan nínú wa gbé igbá dérí, kí ọlọ́pàá má bàa mú wọn? Ọlọ́pàá ni wọ́n ń sá fún, wọn kò sá fún títì.

Tí ọmọ mi bá pé ọdún 18, òfin ibí ní àgbà ni, n kò lè so ohunkóhun mọ́ ọn lọ́rùn mọ́. Ẹnu nìkan ló kù fún mi, n kò sì ní dákẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gun ọ̀kadà, tí ń jó irin, tí ń gun àkàbà kọ́lé, ẹ má dákẹ́ lórí tiwọn náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀wù dára, ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà padà wálé jẹun alẹ́, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù ló ń ṣe é.