Òtútù Winnipeg Wà Ní Ìkẹjà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí ilẹ̀ òtútù ní àdúgbò wa ní Àgège, físà àti owó ọkọ̀ òfurufú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń bèèrè bí ara yóò ṣe gba òtútù náà. Nílé wa, ìbéèrè yìí di dandan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ààyè sí yunifásítì kan ní Winnipeg, ní Kánádà, tí ẹ̀kọ́ sì máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní.

Oṣù náà gan-an ni òtútù ibẹ̀ máa ń le jù. Ní ìpíndọ́gba, ó máa ń tó ìwọ̀n 16 nísàlẹ̀ òdo, ó sì lè kọjá 30 nísàlẹ̀ òdo ní alẹ́ mìíràn. Odò Red àti odò Assiniboine, tí wọ́n pàdé láàárín ìlú, a máa dì débi pé àwọn ènìyàn ń rìn lórí wọn. Ní oṣù kejì, wọ́n máa ń ṣe ọdún Festival du Voyageur, wọ́n á sì fi yìnyín gbẹ́ ère. Ẹ̀rù ba ìyá mi. Wọ́n ní, ṣé ọmọ tí ọyẹ́ Àgège ń là létè ni yóò gbé irú ibẹ̀?

Bàbá mi ló dá wọn lóhùn. Ó ti pé ọdún 11 tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ ní kóòdù rúùmù ẹja kan nítòsí Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n máa ń fi inú yàrá náà sí kí ẹja Titus má baà bàjẹ́. Bàbá ní, “Fọkàn balẹ̀. Winnipeg tí ò ń bẹ̀rù yìí, mò ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò sì gba físà.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ìka méjì ọwọ́ òsì sí wa. Láti ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ lásán gbé páálí ẹja, ìka wọ̀nyẹn kì í tètè mọ̀ bí omi bá gbóná. Wọ́n wá kọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí atẹ́gùn tí ó há sí àárín wọn ni ó ń pa ooru ara mọ́. Wọ́n ní kí ó má ṣe jẹ́ kí òógùn rin aṣọ, torí aṣọ tútù ń fa ooru kúrò lára. Bí ìka, etí tàbí imú bá sì kú tipiri, kí ó wọlé kíá.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì lọ sí ọjà Katangua ní Abúlé-Ẹgbá, níbi tí ẹ̀wù òtútù òkìríkà pọ̀ sí. Bàbá yẹ ọrùn ọwọ́ àti síìpù ẹ̀wù wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sanwó. Ẹ̀wù tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù tún padà sọ́nà òtútù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lo ìgbà òtútù kan já báyìí, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìmọ̀ tí arìnrìn-àjò nílò lè wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí oòrùn Ìkẹjà ṣì ń mú ganrínganrín, mo máa ń kí wọn pé, “Bàbá, ẹ kú òtútù o.”